Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Elédè Púpọ̀ Kan ní Kubwa: Àyẹ̀wò Láti Ọ̀dọ̀ Òbí

Òbí tó ń wá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ní Àbújá sábà máa ń béèrè iye owó, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sílé tó, àti bóyá àwọn ọmọ ibẹ̀ ń yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀rọ̀ èdè kì í sí nínú ìbéèrè náà, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò fi kàwé níbikíbi, àti pé Yorùbá tí a ń sọ nílé ti tó o. Kò tó o rárá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sí Kubwa, Lugbe àti Nyanya mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ó sì ń yé wọn yékéyéké bí a bá ń bá wọn wí, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn, bí a bá sì gbé ìwé Yorùbá lé wọn lọ́wọ́, ojú lásán ni wọ́n ń fi wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé ní kíkún bí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kubwa ṣe ń fi èdè púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Láti kíláàsì kìíní ni ọmọ mi obìnrin ti wà níbẹ̀, ó ti dé kíláàsì karùn-ún báyìí, mo sì ti jókòó nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó láti mọ ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó. N kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí ètò tí wọ́n ń tẹ̀ lé ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò, n kò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dà bí ìpolówó ọjà.

Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1977, tí wọ́n sì ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mélòó kan lẹ́yìn náà, fi àyè sílẹ̀ fún èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì tó wá gba ipò náà. Ní Ìbàdàn tàbí ní Kánò, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè èdè tí ìlànà yẹn ń sọ. Ní Kubwa ńkọ́? Àwọn Gbagyi wà lórí ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́ kí ìjọba tó yàn án ṣe olú-ìlú ní ọdún 1976. Haúsá ni a fi ń nájà, òun náà ni a fi ń bá oníkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀. Yorùbá àti Ígbò kún gbogbo òpópónà, àwọn Tiv, Nupe, Igala àti Idoma náà sì wà láàrin wa. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan pa ọ̀rọ̀ náà tì, àwọn kan tilẹ̀ ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nínú ọgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mò ń sọ yìí yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ wò, wọ́n ka èdè tí àwọn òbí kọ síbẹ̀, wọ́n sì mú mẹ́rin tó pọ̀ jù: Haúsá, Yorùbá, Ígbò àti Gbagyi. Bí èdè ilé ọmọ kò bá sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òbí rẹ̀ ni yóò yan èyí tó fẹ́, Haúsá sì ni púpọ̀ nínú wọn ń yàn. N kò lè sọ pé èyí tẹ́ òbí ọmọ Tiv lọ́rùn, àmọ́ ó sàn ju kí wọ́n máa na ọmọ nítorí èdè tó bá lẹ́nu ìyá rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ òòjọ́ ni mo kọ́kọ́ gbóríyìn fún. Láti kíláàsì kìíní dé ìkẹta, bí wọ́n bá ti kọ orin orílẹ̀-èdè tán lórí ìlà, àwọn ọmọ kì í lọ tààrà sí kíláàsì wọn. Ẹgbẹ́ èdè ni wọ́n ń lọ. Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ kíkà àti kíkọ ní èdè ilé wọn, ní àkókò tí ojú ọmọ ṣì dá ṣáká, kì í ṣe ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń ti Yorùbá sí nígbà tí gbogbo ọmọ ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń pàdé fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ kíláàsì ń sọ nígbà náà, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, tó gbọ́ Haúsá àti ó kéré tán èdè kan sí i, a máa yí ká láàrin tábìlì, a sì máa fi èdè ọmọ ṣàlàyé fún ẹni tí kò bá yé. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: orin, ìtàn kéékèèké, àti àṣẹ tí ọmọ yóò gbọ́ tí yóò sì ṣe. Ìwé kíkà Gẹ̀ẹ́sì kì í wọlé títí di sáà kejì kíláàsì kìíní.

Ó nídìí tí wọ́n fi ń dúró bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ń kọ́ lẹ́tà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀kan náà yóò bá "p" kan pàdé nínú Yorùbá tí ìró rẹ̀ kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu rárá, yóò sì tún rí "ẹ", "ọ" àti "ṣ" tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Àwọn ọmọ Haúsá náà ní "ɓ", "ɗ" àti "ƙ" tiwọn láti mọ̀. Bí a bá rọ́ gbogbo rẹ̀ lé ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí pọ̀, yóò dà á rú mọ́ra. Nítorí náà ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí ṣe fi sáà kìíní jin álífábẹ́ẹ̀tì èdè ilé nìkan, kí ó lè dá ọmọ lójú pé lẹ́tà dúró fún ìró, pé ìró ń para pọ̀ di sílébù, pé sílébù sì ń para pọ̀ di ọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni ènìyàn ń kọ́ ọgbọ́n yẹn. Ọmọ tó bá ti mọ̀ ọ́n ní Yorùbá, ohun tó kù fún un ní Gẹ̀ẹ́sì kò ju pé kí ó mọ ibi tí lẹ́tà ti yàtọ̀ lọ. Ọmọ mi ti ń ka ìwé ìtàn Yorùbá pẹlẹbẹ kí ọdún kìíní tó parí, Gẹ̀ẹ́sì sì tẹ̀ lé e láìjẹ́ pé a gba olùkọ́ lẹ́sìnnì kankan.

Wọ́n tún ṣe é débi pé ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń rìn pọ̀, kí ẹgbẹ́ Yorùbá má baà wà níwájú kí ẹgbẹ́ Gbagyi wà lẹ́yìn. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn olùkọ́ èdè a jókòó ti ètò ẹ̀kọ́ tí NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwádìí àti ètò ẹ̀kọ́, ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọn a sì yan kókó tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò ṣiṣẹ́ lé lórí fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Nígbà tí omi jẹ́ kókó kíláàsì kẹta, ẹgbẹ́ Yorùbá ka àyọkà lórí odò àti kànga, wọ́n sì ka gbogbo ọ̀nà tí omi ń gbà dé ilé wọn: omi ẹ̀rọ, omi òjò, omi tí àwọn máírúwà ń fi ọmọlanke tì wá sí ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ Haúsá àti Ígbò ṣe tiwọn bákan náà. Ìgbà tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wá ń ṣàlàyé bí oòrùn ṣe ń sọ omi di oru, tí oru ń gòkè lọ di ìkùukùu, tí ìkùukùu sì ń di òjò, kò sí ọmọ tó jẹ́ àlejò nínú ọ̀rọ̀ náà. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù láti so mọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀. Wọ́n lẹ bébà gbàǹgbà kan mọ́ ògiri kíláàsì, wọ́n ya gbogbo ìrìn omi yẹn sí i, àwọn ọmọ fúnra wọn sì fi èdè márùn-ún kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n pe àwa òbí wá wò ó, ọmọbìnrin Gbagyi kan ló jáde ka tirẹ̀, gbogbo kíláàsì sì ń gbè é.

Láti kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni nínú gbogbo iṣẹ́, èdè ilé sì di iṣẹ́ kan láàrin àwọn yòókù, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ọmọ yóò yan èdè Nàìjíríà kejì, Faransé náà yóò sì wọlé. Ọmọ mi yan Haúsá, òun ló sì ń bá mi ná tòmátì àti ata ní ọjà Kubwa báyìí. Faransé kò tíì kọjá orin àti ìkíni, n kò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n kánjú.

Ìdánwò ni ibi tí a ti ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ ń sọ. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ sára pátákó ìta pé àwọn ń kọ́ni ní èdè abínibí, àmọ́ bí ẹ bá gba káàdì èsì lọ́wọ́ wọn, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ó ti rí Yorùbá, pẹ̀lú máàkì kan ṣoṣo tí kò sọ ohun tí ọmọ mọ̀ tàbí ohun tí kò mọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n pín èdè kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin lórí káàdì: gbígbọ́, sísọ, kíkà àti kíkọ. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn, nígbà tí ọmọ mi wà ní kíláàsì kejì, pé kíkà rẹ̀ dára ṣùgbọ́n àmì ohùn ń dà á láàmú nínú àpèkọ. Olùkọ́ rẹ̀ kò bá a jà lórí rẹ̀. Ìlù kékeré kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tó fi ń kọ́ wọn ní dò, re, mí. Ọmọ yóò kọ́kọ́ fi imú kùn ohùn ọ̀rọ̀ náà, lẹ́yìn náà ni yóò fi àmì sí i. Máàkì méjì ni wọ́n sì ń fún àpèkọ, ọ̀kan fún lẹ́tà, èkejì fún àmì ohùn, kí ọmọ tó mọ lẹ́tà kọ má baà gba òdo nítorí àmì.

Iṣẹ́ inú sáà ń kó 40 nínú 100, ìdánwò ìparí sáà ń kó 60, bí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń ṣe é. Ohun tí wọ́n ń kó sínú 40 náà ló yàtọ̀. Ní àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò jókòó ti olùkọ́ lóun nìkan, yóò kàwé sí i létí, olùkọ́ yóò sì kọ ibi tó ti kọsẹ̀ sílẹ̀. Fáìlì kan wà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àròkọ, àwòrán àti àpèkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, òbí sì lè béèrè fún un nígbàkígbà. Mo máa ń béèrè, mo sì rọ gbogbo òbí tó bá ní ọmọ níbẹ̀ láti máa béèrè, torí ohun tí ẹ ó rí nínú fáìlì yẹn ju ohun tí ẹ ó rí lórí káàdì lọ.

Nínú ìṣirò ni ọgbọ́n wọn ti jinlẹ̀ jù lọ. Ọmọ tó bá kùnà ìbéèrè tí wọ́n fi gbólóhùn gbé kalẹ̀, wọn a pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn a sì fi èdè ilé rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan náà. Olùkọ́ kan fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn wá nípàdé, ó ti fi ọwọ́ bo orúkọ ọmọ tó ni ín. Ìbéèrè náà ni pé Músá ní ọsàn 15, Bọ́lá ní 9, mélòó ni ti Músá fi ju ti Bọ́lá lọ? Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ náà ro méjèèjì pọ̀, ó kọ 24. Nígbà tí wọ́n bi í ní Yorùbá, kò tilẹ̀ ka ìka kó tó sọ pé mẹ́fà ni. Ìyọkúrò yé e dáadáa, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni kò yé e. Olùkọ́ kọ òye ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì fi tó olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì létí pé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni kí ó tún kọ́ ọ. Níbòmíràn, wọn ìbá ti kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀ pé kò mọ ìṣirò, òbí rẹ̀ ìbá sì ti máa sanwó lẹ́sìnnì lórí ìṣòro tí ọmọ kò ní.

Ẹ̀ka-èdè ni ohun tí mo ń bẹ̀rù. Yorùbá tó wà ní Àbújá kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ nìkan. Àwọn ará Kàbà, Yàgbà àti Ìjùmú pọ̀ níbí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ìgbómìnà àti Èkìtì, ọ̀rọ̀ tí ọmọ wọn ń gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà kì í sì í fìgbà gbogbo bá ti inú ìwé mu. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọ́n sì dá mi lóhùn lọ́nà tó tẹ́ mi lọ́rùn: nínú sísọ, ẹ̀ka-èdè ọmọ ń gba máàkì pípé, nínú kíkọ, Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n ń béèrè, olùkọ́ kò sì gbọdọ̀ sọ fún ọmọ pé ohun tí wọ́n ń sọ nílé rẹ̀ kò dára.

Àwọn ètò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ kíláàsì kò dá dúró lọ́tọ̀ sí ìdánwò. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù ni wọ́n ń pa ọjà nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀pà, gúgúrú, pẹ́ńsù àti ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn ọmọ ń tà, owó bébà ni wọ́n ń ná, èdè tó ni ìsọ̀ sì ni oníbàárà gbọ́dọ̀ fi ná ọjà. Bí ọmọ Ígbò bá fẹ́ ra ẹ̀pà ní ìsọ̀ Yorùbá, Yorùbá ni yóò fi bẹ̀ kí wọ́n fi èènì sí i. Olùkọ́ ń rìn kiri pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń fún wọn ní máàkì sísọ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìdánwò ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, tí UNESCO yà sọ́tọ̀ fún èdè abínibí ní ọdún 1999, àwọn ọmọ ń sọ àlọ́, wọ́n ń ké ewì, òbí ni wọ́n sì ń pè ṣe adájọ́. Wọ́n tún pe ìyá Gbagyi kan tó ń mọ ìkòkò láti wá fi bí a ṣe ń po amọ̀ han kíláàsì karùn-ún, èdè rẹ̀ ló sì fi ń kọ́ wọn, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Gbagyi ń túmọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Olùkọ́ wá mú owó ogún náírà jáde, ó ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àwòrán Ladi Kwali, amọ̀kòkò ọmọ Gbagyi, ló wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti ń ná owó yẹn láti kékeré láìmọ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti sọ fún wa, àwọn ọmọ tí kì í ṣe Gbagyi ti ń béèrè bóyá àwọn lè yan Gbagyi ní èdè kejì. Wọ́n ń ṣe eré ìdárayá bí ilé-ẹ̀kọ́ gbogbo ti ń ṣe é, n kò ní púpọ̀ láti sọ lórí rẹ̀.

Ohun tí n kò fara mọ́ bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì kẹrin. Títí di kíláàsì kẹta, máàkì èdè ilé wà nínú àròpọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ipò ọmọ. Láti ìkẹrin lọ sókè, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Káàdì ṣì ń fi í hàn, ṣùgbọ́n kò kan ipò mọ́. Ọmọdé kì í pẹ́ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kíákíá ni ọmọ mi sì sọ fún mi pé Yorùbá "kò kà mọ́", ó sì ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ sẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tó kù. Ní kíláàsì kẹfà, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí ìdánwò àṣewọlé tí NECO ń ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ bá ti kù díẹ̀, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti èdè ni wọ́n ń fi ṣe àtúnyẹ̀wò ìbéèrè àtijọ́. Mo mọ̀ pé òbí ló ń tì wọ́n, mo sì mọ̀ pé ìdánwò náà ṣe pàtàkì. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta gbìn sínú ọmọ kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ láàrin ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e.

Ẹgbẹ́ Gbagyi ni ìyà tún ń jẹ jù. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ní, nígbà tó sì gba ìsinmi ìbímọ, odindi sáà ni wọ́n fi da àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Haúsá. Ìwé tí wọ́n ń kà kò pọ̀, èyí tí olùkọ́ fi ọwọ́ kọ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń lò jù. Èdè tó ni ilẹ̀ tí a kọ́lé sí kò yẹ kó jẹ́ òun ni ohun èlò rẹ̀ yóò kéré jù. Owó ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò lọ, ṣùgbọ́n owó ìwé èdè wà lọ́tọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n sọ èyí fún òbí kí ó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀.

Àwọn òbí kan ti ń béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ náà yóò pa ẹgbẹ́ èdè rẹ́, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. Ìlànà tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣàlàyé fún wa pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì nínú kíláàsì tẹ́lẹ̀, àti pé èdè ilé gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kò ní kúrò. Inú mi dùn sí ìdáhùn náà. Ìrírí ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ sì ti àwọn olùkọ́ yìí lẹ́yìn: ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọṣẹ́ dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin lọ.

Bí ọmọ yín kò bá tíì kọjá kíláàsì kejì, mo gbà yín níyànjú láti wá wo ibẹ̀, kí ẹ sì wá ní àárọ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ èdè bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó bá ti wà ní kíláàsì kẹrin níbòmíràn kò ní jèrè púpọ̀, torí ìpìlẹ̀ tó yẹ kó ti rí gbà ti kọjá lọ. Ẹ béèrè fún káàdì èsì kíláàsì karùn-ún kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ṣírò ipò. Àwa òbí mélòó kan ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n dá máàkì èdè ilé padà sínú àròpọ̀ láti kíláàsì kẹrin dé ìkẹfà, kí wọ́n sì gba olùkọ́ Gbagyi kejì. Wọ́n ti fọwọ́ sí ti olùkọ́, wọ́n ní àwọn yóò jíròrò ti máàkì ní ìparí ọdún. Ọmọ mi ọkùnrin yóò bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, a sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹgbẹ́ Yorùbá.